Òjò Ti Rọ̀, Kí Ló Dé Tí Kànga Ṣì Gbẹ?

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti onílé ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀

Bí àkọ́rọ̀ òjò bá ti dé ní oṣù kẹta ni a máa ń gbọ́ ọ: "Òjò àná rọ̀ débi pé àgbàrá gbé bàtà ọmọ lọ, síbẹ̀ ẹrẹ̀ ni ìfàmi ń bù bọ̀ láti inú kànga." Àgbẹ̀ tó sáré gbin àgbàdo lọ́jọ́ kan náà á tún máa ké lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé èyí tó hù ti rọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Ibi tí òjò ti ń wá

Ẹ ra píọ́ wọ́tà tútù, kí ẹ gbé e sórí tábìlì. Láìpẹ́, ara rẹ̀ á máa làágùn. Ọ̀rá náà kò jò o. Omi tí ojú kò rí ló wà nínú afẹ́fẹ́. Bó ṣe fara kan ohun tútù ló padà di omi. Bí òjò náà ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Oòrùn ń fa omi lójú òkun, lójú odò Ọ̀ṣun àti lára ewé igbó. Ooru á gbé e ròkè, òkè sì tutù. Ibẹ̀ ló ti ń dì mọ́ eruku tín-ín-tín, tó ń di àwọsánmà. Bí ẹ̀kán omi bá so pọ̀ títí tó wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé, ó di òjò.

Ẹ̀fúùfù méjì ló pín ọdún wa. Èyí tó ń ti òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló ń gbé omi wá. Èyí tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ni ọyẹ́ àti eruku. Lásìkò ọyẹ́, píọ́ wọ́tà kì í fi bẹ́ẹ̀ làágùn. Ọjọ́ tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn gan-an, ẹ̀fúùfù òkun ti wọlé. Ìyẹn kò ní kí òjò rọ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọkọ́.

Ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ mu

Ilẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn ti lù láti oṣù kọkànlá dà bí kànrìnkàn gbígbẹ: ife omi kan tí a bá dà sí i, ẹ̀kán kan ò ní jò sílẹ̀. Nínú òjò oṣù kẹta àti ìkẹrin, àgbàrá á gbé tirẹ̀ lọ sínú odò, oòrùn á gba tirẹ̀ padà, gbòǹgbò á mu tirẹ̀, ilẹ̀ á sì di ìyókù mú. Ìgbà tí ilẹ̀ bá mu yó ni omi tó ń jò dé kànga, ìyẹn sì lè di oṣù kẹfà tàbí ìkeje.

Àpáta tún dá kún un. Orí àpáta líle ni Òṣogbo jókòó sí. Inú ilẹ̀ tó bo àpáta àti ibi tí àpáta ti sán ni omi ń sá pamọ́ sí, kò sì pọ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má gbẹ́ kànga ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ ó tètè kan omi, ẹni tó gbẹ́ ẹ á gba owó rẹ̀ á lọ, kànga á sì gbẹ kí ọyẹ́ tó kásẹ̀ ńlẹ̀. Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gbẹ́ ẹ; omi tí ẹ bá bá nígbà náà kò ní dà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ kànga tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tàbí létí rẹ̀. Èéfín yẹn ń pani kéèyàn tó mọ̀.

Agolo kan tó

Ẹ wá agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ bákan náà. Ẹ gbé e sí gbangba, kì í ṣe abẹ́ igi tàbí ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀. Láàárọ̀, ẹ ki rúlà bọ̀ ọ́, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ da omi nù. Bó bá kó tó 20 mìlímítà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ oko jìn tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ àti ìka. Bí erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ṣì ń fọ́ bí èlùbọ́, ẹ ní sùúrù. Bó bá ṣeé mọ bí òkèlè, ẹ gbìn. Òjò kan ṣoṣo tó fi àrá pariwo kì í ṣe ẹ̀rí. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, a máa gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde lọ́dọọdún. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi agolo yín wé e.

Ní oṣù kẹjọ, òjò máa ń dáwọ́ díẹ̀. Ẹ fi àyè yẹn sá àgbàdo àkọ́rọ̀, kí ẹ sì tún oko ṣe de òjò oṣù kẹsàn-án. Èyí tí kì í pẹ́ gbó ni kí ẹ gbìn ní àrọ̀kúrò, torí òjò kì í pẹ́ lọ mọ́ lẹ́yìn oṣù kẹwàá.

Orí pánù

Òrùlé tó gùn ní mítà 8, tó fẹ̀ ní mítà 5: bí òjò bá rọ̀ tó 10 mìlímítà, bíi lítà 400 ló bọ́ sórí rẹ̀, ìyẹn dúróòmù ńlá méjì. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ aláǹgbá dànù ná. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu dúróòmù, nítorí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Omi yìí dára fún aṣọ fífọ̀, fún ewúrẹ́ àti fún ewébẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí ẹ bá fẹ́ mu, ẹ sè é kó hó dáadáa.