Wáyà, àsìkò àti òde àríyá

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣeré lóde àríyá n'Iléṣà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bèèrè wákàtí 2 fún títo irinṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ nìkan lè jẹ ìṣẹ́jú 30 nínú ẹ̀.

Ìgbà tí a bá ń palẹ̀ mọ́ ló ń dùn mí jù. Oorun á ti máa kun àwọn ọmọ, wọ́n á wá máa wé wáyà máíkì mọ́ ìgúnpá. Bàbà inú rẹ̀ á máa já díẹ̀díẹ̀. Lóde mìíràn, ẹ ó máa wá ibi tí wáyà ti já títí àlejò á fi jókòó tán! Ẹ ká a ní òbìrí-òbìrí, kí ẹ fi àkísà so ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì tètè fi aṣọ bo gángan, kí ìrì má baà sẹ̀ sí awọ rẹ̀.