Bí Mo Ṣe Fún Irin Alùpùpù Mi Láwọ̀ Láìlo Ọ̀dà ní Kétu

Nígbà tí mo tú Honda CG125 àtijọ́ kan palẹ̀ láti tún un ṣe, ohun tí ó jẹ mí lógún jù lọ ni ojú tí irin rẹ̀ yóò ní. Ọ̀dà lè bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹni tí ó bá rí i mọ èyí tí í ṣe irin yàtọ̀ sí èyí tí í ṣe alumíníọ̀mù.

Ìdérí ẹ́ńjìnnì, tí ó jẹ́ alumíníọ̀mù, ni mo kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn tí mo ti bó fáńnììṣì àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, mo wé sáńpépà 240 (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe ga sí i ni ó ń kúnná sí i) mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, mo sì fi ha àwọn ojú ọgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi parẹ́. Mo wá lo 400, lẹ́yìn náà 600, tí mo ń fi kẹrosíìnì rin. Bí mo bá ti pààrọ̀ sáńpépà, ńṣe ni mo ń fà á dábùú ìlà ti ìṣáájú, kí n lè rí èyí tí ó bá ṣẹ́ kù. Ìgbà tí mo fẹ́ parí nìkan ni mo fa 600 gba ọ̀nà kan ṣoṣo, láti iwájú lọ sẹ́yìn, nítorí pé bí ọwọ́ bá yà díẹ̀, oòrùn yóò tú u fó.

Iṣẹ́ àwọn bóòtì ni ó dùn mọ́ mi jù. Síǹkì ni wọ́n fi bo ojú wọn, kò sì yẹ kí a yan síǹkì lórí iná, nítorí náà mo rẹ wọ́n sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ títí tí kò fi hó mọ́. Mo dán wọn, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, n kò sì fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n mọ́, torí pé ọ̀rá ìka máa ń yọ lójú àwọ̀. Ní ilé àgbẹ̀dẹ kan ní Kétu, mo tò wọ́n sínú àwo irin tí yanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, mo sì gbé e ka èédú, kí ooru lè kárí wọn.

Bàbá alágbẹ̀dẹ sọ fún mi pé: “Ọmọ mi, má wo iná, ojú irin ni kí o máa wò.” Òótọ́ ni, nítorí pé ooru ń mú kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ lójú irin, bí awọ náà sì ṣe ń nípọn sí i ni àwọ̀ ń yí padà. Ní nǹkan bí ìwọ̀n 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìyeyè. Ní 260, ó di àwọ̀ ilẹ̀. Ní 280, ó di elése àlùkò. Nígbà tí ó fi máa tó 300, ó ti di aró gidi. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, yóò ṣá di àwọ̀ eérú, a ó sì tún un dán láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń di aró ni mo ń fi ẹ̀mú yọ ọ́ sínú ọ́ìlì.

Ẹsẹ̀ ìdúró ni mo sọ di dúdú: mo yan án gbóná ju ti bóòtì lọ, mo tì í bọ òróró ẹ̀pà níta gbangba, mo sì tún un ṣe títí ó fi dú dáadáa. N kò fi iná kan ọ̀pá táyà, bóòtì bíréèkì tàbí sípíríǹgì rárá, nítorí pé ooru lè mú kí irin líle dẹ̀. Àwọ̀ aró yìí kò lè dá dènà ìpẹtà, nítorí náà mo máa ń fi àkísà olóróró nu àwọn bóòtì náà, pàápàá nígbà òjò.