Bí A Ṣe Ń Yan Ìbọ̀ Orúnkún fún Làkúrègbé, àti Bí A Ṣe Ń Wọ̀ Ọ́

Ilẹ̀ Ìbàdàn kò tẹ́jú. Ẹni tó bá ń gun Òkè Màpó mọ̀ bẹ́ẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì mọ̀ jù ú lọ. Fún àgbàlagbà tí làkúrègbé ti wọ̀ ní orúnkún, sísọ̀ kalẹ̀ tilẹ̀ lè dùn ún ju gígùn lọ. Ìbọ̀ orúnkún, tí àwọn oníkẹ́míìsì ń pè ní knee guard, lè dín ìrora náà kù. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé ojú lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń wọn ara wọn. Ẹni tó ń tà á á ní, "Mẹ́díọ̀mù lẹ máa wọ̀, Mọ́mì," owó á sì jáde.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí físíò, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, tàbí dókítà eegun yẹ orúnkún yín wò. Kèrékèré, ìyẹn eegun rírọ̀ tó wà láàárín eegun, ló ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀, apá inú, níbi tí orúnkún méjèèjì ti kọjú síra, ló sì sábà máa ń jẹ jù. Ìdí nìyẹn tí orúnkún àwọn àgbà kan fi ń ya síta bí wọ́n bá dúró. Ìbàdàn ò ṣàìní físíò: láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ni níṣẹ́ náà.

Ibi tó ti jẹ ló máa sọ irú èyí tẹ́ ẹ máa rà. Èyí tó ń fà bíi rọ́bà ń mú orúnkún móoru, ó sì ń dì í mú. Ó tó fún ìrora tí kò le. Èyí tó ní irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì wà fún orúnkún tó máa ń yẹ̀. Ẹ̀kẹta ń ti orúnkún sápá kan kí ìwúwo ara lè kúrò níbi tó ti jẹ. Ó wọ́n, ẹ má sì rà á láìjẹ́ pé físíò ní kẹ́ ẹ rà á.

Ó wá kan wíwọ̀n, ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ wá téèpù aránṣọ. Ẹ dúró, ẹ ká orúnkún kò díẹ̀, kí aṣọ má sì sí lórí rẹ̀. Ẹ yí téèpù po àárín eegun róbótó iwájú orúnkún. Ẹ tún wọn itan ní sẹ̀ǹtímítà 15 sókè eegun yẹn, kẹ́ ẹ sì wọn ojúgun ní 15 sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe é ń lo 10 dípò 15, nítorí náà ẹ wo ìwé ara páálí rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà Dùgbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ jókòó, kí àtẹ́lẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ihò iwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sórí eegun róbótó yẹn gan-an, kí oríkèé irin sì bá àárín rẹ̀ dọ́gba. Okùn ìsàlẹ̀ orúnkún ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì, torí òun ni kì í jẹ́ kó yọ̀ wálẹ̀. Ẹ wá di ti itan. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ okùn. Ẹ má fi Àbóníkí tàbí òrí pa ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́: òrí á mú un yọ̀, Àbóníkí tí nǹkan dì mọ́lẹ̀ sì lè jó awọ ara.

Wákàtí kan sí méjì tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa wọ̀ ọ́ bẹ́ ẹ bá ń rìn tàbí tẹ́ ẹ bá dúró pẹ́, kẹ́ ẹ bọ́ ọ bẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Bẹ́ ẹ bá bọ́ ọ, ẹ fọwọ́ kan ara, torí pípọ́n kì í hàn dáadáa lára aláwọ̀ dúdú. Bó bá ṣì gbóná tàbí tó ń ta yín lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó fún jù. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá kú tipiri tàbí tó tutù, ẹ tú u kíá. Bí ojúgun bá wú, tó gbóná, tó ń dùn yín, ilé ìwòsàn ló kàn. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó wọ̀ ọ́ rárá.

Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le lẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ẹ sá a síbòòji.

Ìbọ̀ yìí kò lè dá kèrékèré padà, nítorí náà iṣan itan gbọ́dọ̀ lágbára. Ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ẹ na ẹsẹ̀, ẹ tẹ ẹ̀yìn orúnkún mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, nígbà 10. Bẹ́ ẹ bá sanra, kílò kan tó bá kúrò lára yín ń gbé bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá sì ń lo ọ̀pá, ọwọ́ òdìkejì ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ni kẹ́ ẹ fi mú un.