Bí a ṣe fi ilé oko kan ní Périgord ṣe ibùdó

Ìyàwó mi ló ní hòtẹ́ẹ̀lì ti sú òun. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé oko tí a lè gbà ní Périgord, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí odò Dordogne gbà kọjá.

Ẹwà ilé kọ́ ni mo kọ́kọ́ wò. Máàpù ni mo tẹ́ sílẹ̀: ilé tí kò bá ti sí láàárín ìlú Sarlat sí ìlú Domme, mi ò ní sanwó rẹ̀. Ibi tó yẹ ní wíwò pọ̀ lágbègbè yẹn, wọn ò sì jìnnà síra, àmọ́ bọ́ọ̀sì ò fi bẹ́ẹ̀ sí. A wọ bàálù láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Bergerac, a háyà mọ́tò níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ bíi ti Nàìjíríà, ara mi yá gágá.

Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé náà látìsàlẹ̀ dókè, títí kan òrùlé. Òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní lauze ni wọ́n tò léra wọn, igi abẹ́ rẹ̀ sì nípọn gan-an kó lè gbé e. Màmá onílé mú wa yí ká. Wọ́n fi ààrò búrẹ́dì tí èéfín ti sọ ẹnu rẹ̀ di dúdú hàn wá, wọ́n fi ilé ẹyẹlé hàn wá. Wọ́n ní kì í ṣe torí ẹran nìkan làwọn ará àtijọ́ ṣe ń sin ẹyẹlé, ìgbẹ́ rẹ̀ ni ajílẹ̀ wọn. Oṣù kẹwàá la lọ, àsálà òyìnbó ló kún òkè àjà, wọ́n sá a kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí i. Tiwa ń fà ni, tiwọn igi ńlá ni. Màmá fi òòlù onígi kékeré kan lu ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, odindi ọmọ inú rẹ̀ yọ. Ìyàwó mi lu tiẹ̀, ó rún wómúwómú.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sí Castelnaud. Ilé olódi ni, orí òkè ló wà, wọ́n to àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ òkúta lójú ogun síbẹ̀. Látorí odi rẹ̀ ni ẹ ó ti rí Beynac, ilé olódi mìíràn, ní òdìkejì odò. Nígbà Ogun Ọgọ́rùn-ún Ọdún, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1337, ọ̀pọ̀ ìgbà ni Castelnaud wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí Beynac ń ṣe ti ọba Faransé. Kí ló gbé Gẹ̀ẹ́sì débẹ̀? Ìgbéyàwó ni. Eleanor tó jogún Aquitaine, ilẹ̀ ńlá tí Périgord wà nínú rẹ̀, fẹ́ Henry ní 1152. Nígbà tó di 1154, Henry jọba Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ilẹ̀ ìyàwó ṣe di ọ̀rọ̀ ìjà láàárín ọba méjì. Castillon, nísàlẹ̀ odò Dordogne kan náà, ni Faransé ti wá ṣẹ́gun Gẹ̀ẹ́sì ní 1453.

Domme dára fún fọ́tò, èrò ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Ní ti Lascaux, ihò àpáta tí àwọn ènìyàn ìgbà láéláé ya àwòrán sí lára, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin ló rí ihò àpáta náà ní 1940. Wọ́n tì í pa fáwọn àlejò ní 1963 torí pé èémí wọn ń ba àwòrán ara ògiri jẹ́. Àdàkọ ihò náà tí wọ́n ṣí ní 2016 la wọ̀. Ó jọ ọ́, àmọ́ àdàkọ náà ni.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ: ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù máa ń tì lọ́sàn-án, nítorí náà ẹ tètè jáde lọ ra búrẹ́dì. Ẹ kí wọn kẹ́ ẹ tó béèrè ọjà o! Ẹni tí kò bá kí wọn, ojú aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi ń wò ó, mi ò sì bá wọn wí.

Milandes ló wù mí jù. Josephine Baker, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí Paris sọ di ìràwọ̀, ló ra ilé ńlá yẹn ní 1947. Ọmọ méjìlá ló gbà tọ́, láti orílẹ̀-èdè káàkiri. Gbèsè ló lé e jáde níbẹ̀ ní 1969. Ní 2021, Faransé fún un láyè ní Panthéon, ilé ìrántí kan ní Paris, láàárín àwọn ẹni ńlá wọn. Aṣọ ijó rẹ̀ àti àwọn àmì ẹ̀yẹ tó gbà fún iṣẹ́ tó ṣe lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì ṣì wà ní Milandes. Tó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lẹ lè lọ, ẹ fi Lascaux sílẹ̀, ẹ gba Milandes lọ. Ẹ kàn wádìí kó tó di ìgbà òtútù, torí wọ́n máa ń tì í nígbà náà.