Bí A Ṣe Lè Fi Bébà Àti Ẹyin Mọ Ọ̀rá, Àti Iṣẹ́ Tó Ń Ṣe Nínú Ohun Ẹlẹ́mìí

Kò sí ohun ẹlẹ́mìí tí kò ní ọ̀rá lára. Igi àti ewéko náà ní in. Epo, ọ̀rá ẹran, ìda oyin, lípíìdì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe gbogbo wọn, torí wọn kì í yòrò nínú omi. Ohun tó wà lọ́jà èyíkéyìí ní Èkìtì tó láti fi dá wọn mọ̀.

Ẹ gé bébà funfun sí wẹ́wẹ́. Ẹ wá ẹ̀gúsí tí a ti bó, ẹ̀pà, hóró kòkó gbígbẹ àti iṣu tútù. Ẹ gún ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀, ẹ fi ra bébà tirẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹ kán omi lásán sí bébà kan tó kù. Ẹ sá gbogbo wọn títí wọn á fi gbẹ, ẹ gbọn èérún kúrò, ẹ wá gbé wọn sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ojú omi á ti parẹ́. Ti iṣu kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Àmọ́ ti ẹ̀gúsí, ẹ̀pà àti kòkó á máa dán, ìmọ́lẹ̀ á sì gba ibẹ̀ kọjá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn: nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n hóró kòkó àti ẹ̀gúsí ló jẹ́ ọ̀rá. Oúnjẹ tí irúgbìn fi pamọ́ de ìgbà tó bá máa hù ni. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fún ara ní kálórì 9, ti iyán tàbí ẹran tí kò lọ́ràá kò ju nǹkan bíi 4 lọ.

Ẹ rọ omi àti òróró sínú ìgò, ẹ mì í. Láìpẹ́, òróró á tún léfòó. Ẹ fi pupa ẹyin tútù díẹ̀ sí i, ẹ tún mì í kíkankíkan: wọn kò ní tètè pínyà mọ́. Fọsifolípíìdì, irú lípíìdì kan tó wà nínú pupa ẹyin, ló so wọ́n pọ̀. Orí rẹ̀ fẹ́ràn omi, ìrù rẹ̀ ń sá fún un. Irú rẹ̀ ló tò ní ìpele méjì yí gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa ká, tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀rá, èyí ló jọ mí lójú jù lọ. (Ẹ da inú ìgò náà nù, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín.)

Ti ìda kò le: ẹ kán omi sí ewé kókò, á yí dànù. Ìda ara ewé kì í sì í jẹ́ kí omi inú rẹ̀ tètè gbẹ.

Tí ọyẹ́ bá mú lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ wo epo pupa lówùúrọ̀. Á ti dì, òróró ẹ̀pà á ṣì máa ṣàn. Nǹkan bí ìdajì epo pupa jẹ́ ọ̀rá líle, tí wọ́n ń pè ní saturated fat. Ti àdín pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, pupa ara epo yẹn ni ara ń sọ di fítámì A, tí a kò bá ti gbé e ka iná títí pupa náà fi ṣá.

Àyẹ̀wò wọ̀nyí kò lè fi cholesterol, tóun náà jẹ́ lípíìdì, hàn. Ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ara sì ń fi ṣe òróòro, họ́mọ́ọ̀nù àti fítámì D. Epo tó ti ara igi wá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in rárá. Nítorí náà, tí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò òróró pé kò ní cholesterol, èyí tí wọ́n ń wọ̀n fún yín lọ́jà náà kò ní in. Iye ọ̀rá líle inú rẹ̀ ni kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó.