Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀sẹ̀ Timeshare ní Orlando Gba Ọ̀sẹ̀ Kan ní Aruba fún Ẹni Mẹ́fà

Ẹni mẹ́fà ni wá nínú ìrìn àjò yìí: èmi àti ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ṣì wà níléèwé, àti Màmá. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún ní ilé ìgbafẹ́ timeshare kan ní Orlando, ilé oníyàrá méjì, tí mò ń san owó ìtọ́jú rẹ̀ bí mo lọ bí n kò lọ. Ibi tí mo fẹ́ kó wọn lọ ni erékùṣù Aruba, nínú oṣù Keje. Mo rí ilé oníyàrá méjì gbà níbẹ̀, n kò sì tún san owó ilé mìíràn. Gbogbo bó ṣe lọ nìyí, àti àwọn ibi tó ti máa ń bàjẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Ẹni tó ra timeshare kò ra ilé. Ẹ̀tọ́ láti lo ilé fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún ló rà, tàbí póíǹtì tó tó ọ̀sẹ̀ kan. Pàṣípààrọ̀ rẹ̀ jọ àjọ tí à ń dá: kálukú dá ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ sọ́wọ́ olórí àjọ, ó sì kó ọ̀sẹ̀ tí ẹlòmíràn dá. Ọ̀sẹ̀ mi ní Orlando lè bọ́ sọ́wọ́ ìdílé kan ní Kánádà, kí èyí tí èmi kó sì jẹ́ ti ẹnì kan ní Boston. A kò ní mọ ara wa láéláé. Olórí àjọ méjì, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń ṣètò pàṣípààrọ̀, ló gbajúmọ̀ jù, RCI tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1974, àti Interval International tó dé lọ́dún 1976. Ilé ìgbafẹ́ tí ẹ ti ra ọ̀sẹ̀ ló ń sọ èyí tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀. Tèmi wà lábẹ́ Interval, nítorí náà òfin ti Interval ni mò ń sọ níhìn-ín. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yàtọ̀ sí àjọ ni pé ohun tí kálukú dá kò dọ́gba, ibẹ̀ gan-an sì ni gbogbo iṣẹ́ wà.

Ní Orlando, timeshare pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ohun tó bá sì pọ̀ lọ́jà, owó rẹ̀ a máa wálẹ̀. Interval ní àtẹ kan tí wọ́n ń pè ní Travel Demand Index, tó ń fi hàn bí èèyàn ṣe ń wá agbègbè kan tó ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 50, ó parí sí 150, 100 sì ni àárín. Mo wo ti Orlando kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, tí àwọn ọmọ ti padà síléèwé, kò lè fa Aruba wá. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde, ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì àti àárín ìsinmi ìgbà ẹ̀rùn lè fà á. Ọ̀sẹ̀ tèmi kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan pàtó. Ó ń rìn, mo lè yan ọjọ́ tí mo bá fẹ́ bí ó bá ṣì wà. Nítorí náà mo kọ́kọ́ pe ilé ìgbafẹ́ mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìwé ọdún tó ń bọ̀, mo sì gba ọ̀sẹ̀ Àjíǹde lórúkọ mi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó fi sílẹ̀ fún Interval. Ẹni tó bá kàn ní kí wọ́n mú ọ̀sẹ̀ èyíkéyìí tó ṣẹ́ kù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín agbára rẹ̀ kù.

Ẹ san owó ìtọ́jú ọdún náà pé kí ẹ tó fi í sílẹ̀. Bí ó bá ku kọ́bọ̀, ilé ìgbafẹ́ kì í jọ̀wọ́ ọ̀sẹ̀ náà, ọjọ́ á sì máa lọ.

Ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà ṣe é lọ́dọ̀ Interval. Ẹ lè béèrè kí ẹ tó fi ọ̀sẹ̀ yín sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ yín ṣì wà lọ́wọ́ yín títí wọ́n á fi rí ohun tí ẹ ń wá. Ó dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, àmọ́ ìrìn àjò náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí ẹ ní. Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni tèmi, oṣù Keje ni mo fẹ́ lọ. Ọ̀nà yẹn dí mọ́ mi. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi sílẹ̀ ná, kí ẹ tó béèrè. Ọdún méjì gbáko lẹ́yìn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ náà ni ẹ ní láti fi lò ó. Èyí ni mo ṣe, mo sì fi sílẹ̀ nígbà tó ṣì ku oṣù mọ́kànlá. Ẹni tó bá jẹ́ kí ó ku ọjọ́ tí kò pé 60 kí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ wọn ti sún mọ́ pẹ́kípẹ́kí nìkan ló lè fi gbà. Ìyẹn kò sì lè ṣe ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù mẹ́fà lásìkò ìsinmi iléèwé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Aruba, kí ló sì dé tó fi jẹ́ oṣù Keje? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní timeshare ní Aruba jẹ́ ará àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, òtútù ni wọ́n ń sá fún. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin ni wọ́n ń lo ilé wọn. Nígbà tí oṣù Keje bá dé, ooru ti wà lójúde wọn ní New Jersey, wọ́n á wá dá ọ̀sẹ̀ wọn sínú àjọ. Ọ̀sẹ̀ tí onílé kò fẹ́ gan-an ni ọ̀sẹ̀ tí iléèwé àwọn ọmọ mi wà ní ìsinmi. Ẹ lè sọ pé bákan náà ni ní àwọn erékùṣù Caribbean yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà sí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá ni àsìkò ìjì líle lágbègbè yẹn. Aruba wà ní gúúsù pátápátá, nítòsí etíkun Fẹnẹsúẹ́là, ọ̀nà tí ìjì sábà máa ń gbà sì wà ní àríwá rẹ̀. Kì í ṣe pé ìjì kò lè dà á láàmú láé. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ mú ọmọ mẹ́ta àti àgbàlagbà lọ sí erékùṣù láàárín oṣù Keje, ibẹ̀ ni ọkàn mi balẹ̀ sí jù.

Nígbà tí mo ń kọ ìbéèrè mi, n kò kọ ilé kan ṣoṣo. Mo kọ gbogbo ilé ìgbafẹ́ tó tẹ́ mi lọ́rùn ní etíkun Eagle Beach àti Palm Beach ní Aruba, mo sì fún wọn ní gbogbo ọjọ́ ìwọlé láti òpin oṣù Kẹfà dé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹjọ, Fúráìdé, Sátidé àti Sọ́ńdè. Bí àyè bá ṣe fẹ̀ tó ni ọwọ́ ṣe ń tètè bà á. Ẹ tún mọ̀ pé bí ilé kan bá jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ńlá kan, àwọn tó ra timeshare lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ ń rí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó tó kan àwa yòókù. Ẹ má gbé gbogbo ìrètí yín ka irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó ń ba èèyàn púpọ̀ lórí jẹ́: ìbéèrè yìí kì í ṣe ìwádìí lásán. Bí ẹ̀rọ bá ti rí ọ̀sẹ̀ tó bá ohun tí ẹ kọ mu, á gbà á fún yín lójú ẹsẹ̀, kì í pè yín béèrè. Nítorí náà, ẹ má kọ ọjọ́ tí ẹ kò lè lọ. Ẹ má kọ ilé oníyàrá kan mọ́ ọn nítorí kí ó lè tètè rí. Bí owó ìsanwó bá sì ń jáde láti inú káàdì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ọ̀sẹ̀ náà lè bọ́. Tèmi dé ní ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn tí mo béèrè, lóru, nínú ímeèlì. Wákàtí 24 ni wọ́n fún èèyàn láti yí ọkàn padà kó sì gba owó rẹ̀. Mo lo wákàtí yẹn láti fi ka ìwé náà láti òkè délẹ̀.

Ohun tí mo ń wá nínú rẹ̀ rèé. Iye ẹni tí ilé gbà: wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà méjì, fún àpẹẹrẹ 8 àti 6. Nọ́ńbà ńlá ni gbogbo ẹni tí òfin gbà kó sùn síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó máa sùn lórí àga pálọ̀ tó ń tẹ́ di bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ńbà kékeré ni iye ẹni tó lè sùn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń gba ibi tí ẹlòmíràn sùn kọjá lọ sí ilé ìwẹ̀. Màmá kì í sùn ní pálọ̀, nítorí náà nọ́ńbà kékeré ni mo fi yan. Lẹ́yìn náà, owó tó jẹ́ dandan: owó orí ìjọba, àti owó iná ní ibòmíràn, tí wọ́n ń gbà ní ẹnu ọ̀nà. Èyí tó burú jù ni ilé tó sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ẹni tó bá wọlé san owó oúnjẹ àti ohun mímu ojoojúmọ́. Pàṣípààrọ̀ náà á dà bí ẹni pé ó dínwó, àfi ìgbà tí ẹ bá ṣe ìṣírò ẹni mẹ́fà fún alẹ́ méje. Irú rẹ̀ wà ní Caribbean dáadáa, mo sì ti yọ wọ́n kúrò nínú ohun tí mo kọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí pàṣípààrọ̀ náà ló gbọ́dọ̀ wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kí àbúrò yín lọ dípò yín, ẹ ra ìwé àlejò fún un lọ́dọ̀ Interval ṣáájú.

Ọjọ́ kejì ni mo tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Ẹ má ra á ṣáájú kí ọ̀sẹ̀ tó wọlé, bó ti wù kó dínwó tó.

Ní ti owó: owó ìtọ́jú mi lọ́dún yẹn jẹ́ $1,240, owó pàṣípààrọ̀ ju $200 lọ, owó ẹgbẹ́ ọdọọdún sì wà lọ́tọ̀. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ $1,600, ìyẹn kò tó $230 lálẹ́ kan fún yàrá méjì, pálọ̀, ilé ìdáná àti ẹ̀rọ ìfọṣọ. Òtẹ́ẹ̀lì á ní kí ẹni mẹ́fà gba yàrá méjì. Mo gbà pé ó tọ́ fún ẹni tó ti ní ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni kó lọ ra timeshare tuntun nítorí pàṣípààrọ̀.

Ìwé ìrìnnà kò gba ìfọwọ́hẹ. Àwọn ọmọ àti àwa méjèèjì ń lo páàsípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà. Ti Nàìjíríà ni Màmá ń lò, ẹni tó bá ní páàsípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nìkan sì nílò físà láti wọ Aruba, ṣùgbọ́n ẹni tó ní green card Amẹ́ríkà kò nílò físà yẹn. Green card fúnra rẹ̀ ni kí ó wà lápò, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Láàárín ọjọ́ méje kí a tó gbéra, mo kọ káàdì ìwọlé Aruba, ED card, lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Láti ọdún 2024 ni wọ́n ti ń gba $20 lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ bàálù wọlé, tó sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àbíkẹ́yìn wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, nítorí náà ẹni márùn-ún ló san, $100. Ẹ kọ orúkọ gẹ́lẹ́ bó ṣe wà nínú páàsípọ́ọ̀tù. Orúkọ wa gùn, ibi tí wọ́n ti máa ń gé e kù ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ilé ìgbafẹ́ náà: nọ́ńbà pàṣípààrọ̀ wa, aago tí a máa dé, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún wa ní ìsàlẹ̀ tàbí ìtòsí ẹ̀rọ àgbéròkè nítorí orúnkún Màmá. Àwọn alápàṣípààrọ̀ ni wọ́n sábà ń fún ní ilé tó kẹ́yìn. Ẹni tó béèrè pẹ̀lú ìdí gidi máa ń rí àánú. Nígbà tí a gba kọ́kọ́rọ́ tán, wọ́n darí wa sí tábìlì kejì níbi tí ẹnì kan ti fẹ́ fún wa ní ẹ̀bùn bí a bá wá jókòó fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kejì. Ọjà ni wọ́n fẹ́ tà. "Ẹ ṣé, rárá" ti tó.

Súpámákẹ́ẹ̀tì ni ibi àkọ́kọ́ tí a yà, Super Food ní Noord. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi ń ro funchi sì wà. Bí wọ́n ṣe ń rò ó lórí iná kò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń ro tùwó, ọbẹ̀ ilá sì bá a mu. Gàrí àti ata gbígbẹ ni mo gbé láti ilé. Ẹ má ra omi inú ike: omi òkun tí wọ́n ti yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó mọ́, ó sì dùn. Takisí kò ní míta, iye owó ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ti wà nílẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé.

Létíkun, ohun tí gbogbo èèyàn ń dù ni palapa, àtíbàbà onígi kan tí wọ́n fi ewé gbígbẹ bo orí rẹ̀. Bí oòrùn bá ṣe ń yí ni òjìji rẹ̀ ń yí, ẹ̀yin náà á máa wọ́ àga yín tẹ̀ lé e. Ilé ìgbafẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ẹni tó máa gbà á, ẹ béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá dé. Atẹ́gùn Aruba kì í sinmi, òun ló sì ń tan èèyàn: ara á tutù, oòrùn á sì máa jó o lọ. Ìpara ìdènà oòrùn tó ní oxybenzone kò bófin mu níbẹ̀, nítorí náà ẹ ka ẹ̀yìn ike kí ẹ tó dì í sínú ẹrù. Fún àbíkẹ́yìn, Baby Beach lápá San Nicolas ló dára jù; omi rẹ̀ kò jìn, òkúta sì yí i ká. Etíkun àríwá ìlà-oòrùn rẹwà fún wíwò, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ le, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ omi níbẹ̀.

Ọjọ́ ìpadà, ẹ dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú Amẹ́ríkà wà ní Aruba fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ìwé wò, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọjá lọ́dọ̀ ti Aruba. Ìlà méjì ni ẹ máa tò, Sátidé sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ timeshare ń parí. Ẹran àti èso tó bá ṣẹ́ kù nínú fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bí bàálù bá ti balẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kò sí ìlà mìíràn mọ́; a gbé ẹrù wa, a sì bọ́ síta bí ẹni tó ti ìpínlẹ̀ kejì dé.