₦10,000 ni mo fi ra ìyà ní Yábàá: bí mo ṣe to rẹ́fúrẹ́ǹsì pépà mi lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ pépà lọ́wọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. ₦15,000 lèmi àti ọmọkùnrin tó bá mi to rẹ́fúrẹ́ǹsì, ìyẹn àwọn ìwé tí mo tọ́ka sí nínú pépà mi, jọ sọ, ₦10,000 ni mo san sílẹ̀, owó yẹn gan-an kọ́ ló ń dùn mí o, òru mẹ́ta tí mi ò fojú kan oorun ló ń dùn mí.

Pépà mi lórí omi kànga Bàrígà ni. Mo ti kọ ọ́ tán, Prof tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti kà á, rẹ́fúrẹ́ǹsì 64 ló wà nínú ẹ̀, Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń to ìwé téèyàn tọ́ka sí, ni mo sì fi to gbogbo ẹ̀ ní ìlànà APA. Bí wọ́n ṣe ń dá àkáǹtì sílẹ̀ lórí sáìtì jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń gbé pépà ìwádìí jáde, tí wọ́n ń fi fáìlì ránṣẹ́, mi ò ní fìyẹn dá yín dúró, ẹni tó bá ti ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí á ṣe é. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n dá a padà. Wọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni kà o, wọ́n kàn ní ìlànà Vancouver làwọn ń lò, kí n lọ tún un tò.

Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, ní APA, orúkọ bàbá àti ọdún lẹ máa kọ sínú ọ̀rọ̀, tó bá dẹ̀yìn ẹ ó wá to àwọn orúkọ láti A dé Z. Vancouver, nọ́ńbà ni. Ìwé tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tọ́ka sí ló ń jẹ́ 1, èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ 2, bẹ́ẹ̀ náà ló máa lọ. Àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn kan ló pàdé nílùú Vancouver ní Kánádà lọ́dún 1978 tọ́rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ wọ́n.

Ká sòótọ́, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Tó bá jẹ́ Zotero lẹ fi tò ó, ẹ ṣí Document Preferences, ẹ mú Vancouver, gbogbo ẹ̀ á yí padà fúnra ẹ̀. Mo mọ̀. Àmọ́ ojú làpútọ́ọ̀pù mi ti fọ́ nígbà yẹn, ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe ní Computer Village, jọ́nà sì fún mi lọ́jọ́ méje péré, lẹ́nì kan bá júwe ọmọkùnrin kan fún mi ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Yábàá, ó ní òun ló ń bá gbogbo àwọn tó ń ṣe másítà ṣe é. Mo gbé fláàṣì fún un. Nígbà tó fi máa dọjọ́ kejì ó ti ṣe tán, [1] dé [64], ó dùn-ún wò, inú mi dùn débi pé mo tún ra Gala àti kóòkì fún un.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà làwọn tí jọ́nà fún ní pépà náà kà dá èsì padà. Àtúnṣe kékeré ni, ẹ bá mi yọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n fi ìwé tuntun mẹ́ta kún ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Mẹ́ta péré! Mo jókòó ti làpútọ́ọ̀pù mi, mo lọ sẹ́yìn [4], mo ní kí Zotero fi ìwé tuntun sí i. Ó kọ́kọ́ ń bi mí pé ìlànà wo ni mo fẹ́ lò, àfi bíi pé kò rí pépà náà rí láyé, ló bá kọ [1] sẹ́yìn [4].

Ara mi tutù. Tí ìtọ́kasí bá wà láàyè nínú Word, ìyẹn tó bá ṣì so mọ́ Zotero, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ eérú á bò ó. Tèmi, kò sí nǹkan kan. Mo tẹ Alt pọ̀ mọ́ F9, èyí tó ń fi kóòdù abẹ́ ẹ̀ hàn, òfo. Òkú ni gbogbo nọ́ńbà yẹn, ọ̀rọ̀ lásán. Mo pe ọmọkùnrin wa.

“Àǹtí mi, èmi ni mo yọ ọ́, kó má baà máa yí fún yín ni.”

Kó má baà máa yí! Ṣebí torí kó lè máa yí ni mo ṣe ń lò ó. Bọ́tìnì kan wà tó ń jẹ́ Unlink Citations, tó ń já gbogbo ìtọ́kasí kúrò lára Zotero, òun ló lọ tẹ̀, orí ojúlówó fáìlì mi tó wà lórí fláàṣì ló sì ti tẹ̀ ẹ́.

Mo ní kò burú, màá fọwọ́ yí i. Ìwé mẹ́ta wọlé lẹ́yìn [4], [5] á di [8], [6] á di [9], títí [64] á fi di [67]. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo Replace, èyí tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú Word. Mo sọ gbogbo [5] di [8], mo ń bá a lọ, ìgbà tí mo dé orí [8] tí mo ní kó di [11], àwọn [5] tó ti di [8] lẹ́ẹ̀kan bá a lọ pátápátá. Ẹni tó ń ṣe PhD o! Aago kan òru ti lù kó tó yé mi pé láti [64] ló yẹ kí n ti máa bọ̀ wálẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ dáadáa títí mo fi kan [6–9]. 7 àti 8 wà nínú ẹ̀, wọn ò sì hàn síta, kí ni Replace fẹ́ rí? Irú ẹ̀ pọ̀ lọ jàra nínú pépà yẹn. Ibẹ̀ ni NEPA ti mú iná lọ.

Mo bá pa gbogbo nọ́ńbà rẹ́. Àwọn ìwé mi ṣì wà nínú Zotero, mo ń fi wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi 91 nínú ọ̀rọ̀, òru méjì gbáko, epo jẹnẹrétọ̀ ò ṣe é sọ.

Àmọ́ o, mo fi yangàn díẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ìdọ̀tí tó wà nínú àkójọ mi. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé nílé ìwé wa orúkọ bàbá la máa ń kọ ṣíwájú, ẹni tó bá kọ Adewale Olumide, tó jẹ́ pé Adewale lorúkọ bàbá ẹ̀, Olumide A ni wọ́n máa sọ ọ́ dà, èèyàn kan ṣoṣo á wá di méjì. Irú ẹ̀ mẹ́rin ni mo tún ṣe. Orúkọ kòkòrò bí Escherichia coli nínú àkọlé, lẹ́tà ẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan (italics), <i> lẹ máa kọ ṣáájú ẹ̀ kẹ́ ẹ kọ </i> sẹ́yìn ẹ̀ nínú Zotero. Orúkọ jọ́nà tí wọ́n ń gé kúrú, tẹ́ ẹ bá máàkì MEDLINE, ìyẹn àkójọ jọ́nà ìṣègùn, nínú Document Preferences á gé e fún yín, àwọn jọ́nà ilé wa tí kò sí nínú MEDLINE lẹ máa fojú ara yín yẹ̀ wò. Èyí tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ má gé e, Nature ń jẹ́ Nature.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀dà ni mo ń gbé fún èèyàn, ojúlówó ò kúrò lọ́dọ̀ mi, tí jọ́nà bá sì ní àwọn ò fẹ́ kóòdù nínú fáìlì, orí ẹ̀dà náà ni màá ti yọ ọ́.

Ìgbà tí mo fi àtúnṣe ránṣẹ́ tán ni mo ń wá nǹkan mìíràn nínú íméèlì mi, kí ni mo rí? Fáìlì APA àkọ́kọ́, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí Prof, gbogbo kóòdù ẹ̀ pé pérépéré. Mo pa làpútọ́ọ̀pù dé, mo lọ sùn.

Wọ́n ti gba pépà náà báyìí. Ọmọkùnrin wa gbọ́, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: “Àǹtí mi, ẹ kú oríire o, pépà wa ti wọlé. Balance ₦5,000 yẹn ńkọ́?”